Ẹsẹ̀ mi ń kú lórí kẹ̀kẹ́ láràárọ̀: irú ìbòbàtà wo ni kí n rà?

ỌmọÒkèÀdó, Manchester. Ọjọ́ Ajé, aago 9:20 àárọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ni, rọ́bà omi gbígbóná ṣì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní gúúsù Manchester. Láti oṣù kẹsàn-án ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ lọ, torí bọ́ọ̀sì tí ǹ bá wọ̀ kì í dé lásìkò, ọ̀nà Fallowfield Loop, ojú irin àtijọ́ tí wọ́n sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi dé ẹnu iṣẹ́. Ìṣẹ́jú 35 ni àlọ. Àbọ̀ a máa tó 40, torí ó ti máa ń rẹ̀ mí.

Ọwọ́ ò yọ mí lẹ́nu, etí ò yọ mí lẹ́nu. Ẹsẹ̀ nìkan ni. Kí n tó gùn ún tó ìṣẹ́jú 15, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi á ti kú, n ò ní mọ̀ bóyá wọ́n wà níbẹ̀. Tí mo bá délé tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jí, ìrora rẹ̀ a máa mú omi wá sójú mi. Láàárọ̀ yìí dígíríì 2 ni, òjò wẹliwẹli sì tún ń rọ̀ sí i.

Sníkà lásán ni mò ń wọ̀, èyí tí òkè rẹ̀ rí bí àwọ̀n. Pẹ́dàlì mi pẹlẹbẹ ni, kì í ṣe èyí tí bàtà ń kọ́ mọ́. Mo ra ìbòbàtà kan lórí ayélujára ní pọ́n-ùn 24, overshoes ni wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Mo jà kí n tó rí i wọ̀, ó fún ẹsẹ̀ mi pinpin, ihò ńlá méjì wà lábẹ́ rẹ̀, síìpù rẹ̀ sì já ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Òtútù tó mú mi nínú rẹ̀ tún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo fẹ́ ra òmíràn kí oṣù kejìlá tó wọlé, ṣùgbọ́n n ò fẹ́ da owó nù lẹ́ẹ̀kejì. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni mò ń wọ̀ pọ̀ báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nílẹ̀ yìí, kí lẹ̀ ń fi bo bàtà yín?

BàbáKẹ̀kẹ́, Leeds. Aago 10:05 àárọ̀

Pẹ̀lẹ́, àbúrò mi. Neoprene ni kó o rà, mílímítà 4 tàbí 5. Irú rọ́bà tí àwọn tó ń rì sínú òkun ń wọ̀ ni. Afẹ́fẹ́ kéékèèké ló kún inú rẹ̀, òun ló ń dá ooru dúró. Omi lè gba ojú ránṣọránṣọ rẹ̀ wọlé díẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ á mú omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń gun kẹ̀kẹ́ ìje láàárọ̀ Sátidé, n ò tíì rí ohun tó tó o.

Ra nọ́ńbà bàtà rẹ gan-an, kó fún ọ dáadáa kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè. Ìbọ̀sẹ̀ méjì tí ò ń wọ̀ yẹn dára.

GbóúnjẹDé, Lọ́ńdọ̀nù. Aago 11:48 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n BàbáKẹ̀kẹ́, ẹ má bínú sí mi, ṣùgbọ́n pẹ́dàlì pẹlẹbẹ ni wọ́n sọ pé àwọn ń lò, sníkà ni wọ́n sì ń wọ̀. Ohun tí ẹ júwe yẹn, bàtà ìje ni wọ́n dá a fún. Bàtà ìje tẹ́ẹ́rẹ́ ni, imú rẹ̀ rí ṣóńṣó, abẹ́ rẹ̀ le bíi pákó. Ihò méjì tó wà lábẹ́ ìbòbàtà náà, ọ̀kan wà fún irin tó ń kọ́ pẹ́dàlì, èkejì wà fún gìgísẹ̀. Téèyàn bá ki sníkà fífẹ̀ bọ inú rẹ̀, á fún un bí ìgbà téèyàn di ẹrù, ihò wọ̀nyẹn á sì máa gba omi títì wọlé sí abẹ́ bàtà. Síìpù tó já yẹn ò yà mí lẹ́nu rárá.

Èmi ń gbé oúnjẹ kiri lórí kẹ̀kẹ́ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá lóòjọ́. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, neoprene mílímítà 4 ni mo rà. Ooru wà nínú rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mò ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà bí ọgbọ̀n lójúmọ́, mò ń gun àtẹ̀gùn, mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà oníbàárà. Kí oṣù kan tó pé, abẹ́ rẹ̀ ti jẹ tán, imú rẹ̀ ti lu. Neoprene kì í ṣe ohun tí à ń fi rìn nílẹ̀.

Èyí tí mò ń lò báyìí, bàtà lásán ni wọ́n ṣe é fún. Abẹ́ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà líle láti imú dé gìgísẹ̀, kò lu níbì kankan, òkè rẹ̀ jẹ́ aṣọ tí omi kì í là kọjá, Velcro fífẹ̀ ni wọ́n fi ń pa á dé lẹ́yìn. Kò móoru tó neoprene, n ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó gbẹ tó tutù díẹ̀ sàn fún mi ju ẹsẹ̀ tó rin gbindin lọ.

ÌyáÌbejì, Birmingham. Aago 1:30 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ ká ṣọ́ owó ná o, owó ò rọrùn. Ọdún mẹ́ta ni mo fi gun kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láìra ìbòbàtà kankan. Aboniki ni mo máa ń fi pa àtẹ́lẹsẹ̀ àti ọmọ ìka, màá wọ ìbọ̀sẹ̀, màá ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀rá búrẹ́dì, màá tún wọ ìbọ̀sẹ̀ mìíràn lé e, kí n tó wọ bàtà. Fọ́ìlì tá a fi ń sun ẹja, mo gé e bí àtẹ́lẹsẹ̀, mo tẹ́ ẹ sínú bàtà. Kò ná mi ní nǹkan kan. Aboniki yẹn á máa jó ẹsẹ̀ yín títí ẹ ó fi débi iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sìÌlẹ́ṣà, Edinburgh. Aago 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, gbogbo ilé. Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ ronú nípa owó, ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí Aboniki yẹn. Irú ìpara bẹ́ẹ̀, menthol inú rẹ̀ ń mú kí awọ ara rò pé ohun kan ń gbóná tàbí ń tutù ni. Kì í dá òtútù dúró. Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé kò ní jẹ́ kí ẹ tètè mọ̀ ìgbà tí ẹsẹ̀ ti tutù kọjá ààlà. Bí awọ bá sì ti là tàbí tó wú, á ta á gan-an. Tí ẹ bá fẹ́ fi nǹkan pa ẹsẹ̀, òrí dára fún awọ tó gbẹ, lálẹ́ kẹ́ ẹ tó sùn.

ỌmọÒkèÀdó, ọ̀rọ̀ rọ́bà omi gbígbóná tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín ló mú mi jókòó kọ èyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kúrò. Ẹsẹ̀ tó ti kú kò lè sọ fún yín pé ohun kan ti gbóná jù, ó lè jó yín láìmọ̀. Ohun kejì ni pé bí ooru bá ya lu ẹsẹ̀ tó tutù lójijì, ó lè fa ohun tí wọ́n ń pè ní chilblains níbí: ọmọ ìka á wú, á máa yún, á máa jóni, ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí òtútù ti mú un. Ẹ má ki ẹsẹ̀ sábẹ́ rédíétọ̀ náà. Ẹ bọ́ ìbọ̀sẹ̀ tútù, ẹ nu ẹsẹ̀ gbẹ, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ, ẹ máa rìn káàkiri yàrá, ẹ jẹ́ kó móoru díẹ̀díẹ̀.

Ẹ dá mi lóhùn: ṣé wọ́n máa ń wú? Ṣé wọ́n máa ń yún yín lálẹ́? Àwòrán tí ẹ máa rí lórí ayélujára, ẹsẹ̀ aláwọ̀ funfun tó pọ́n ni. Lára tiwa, ó lè má pọ́n rárá, ibẹ̀ á kàn dúdú sí i tàbí kó ní àwọ̀ àlùkò díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ wò ó ju kí ẹ fi ojú wò ó lọ.

ÀgbàCalgary. Aago 6:02 alẹ́

Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Níbí tí mo wà ní Kánádà, ọ̀nà tó gba etí odò Bow kọjá, ìjọba ìlú a máa ro yìnyín kúrò níbẹ̀, a sì ń gun kẹ̀kẹ́ nígbà tó bá jẹ́ dígíríì 20 nísàlẹ̀ òdo. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí òtútù fi ojú mi rí.

Èkíní, òtútù tí ẹ kà lórí fóònù kọ́ ni òtútù tí ẹsẹ̀ ń rí. Atẹ́gùn tí kẹ̀kẹ́ fúnra rẹ̀ ń dá sílẹ̀ ń kó ooru lọ. Bó bá jẹ́ òdo, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan, ara á gbà á bíi dígíríì 5 nísàlẹ̀ òdo. Bó bá jẹ́ 10 nísàlẹ̀ òdo, á dà bíi 18. Ẹsẹ̀ ló sì wà níwájú, kì í yéé lọ sókè sódò nínú atẹ́gùn yẹn. Sníkà tó rí bí àwọ̀n kò yàtọ̀ sí sálúbàtà lójú atẹ́gùn. Ìdí nìyẹn tí ohunkóhun tó bá ṣáà ti dá atẹ́gùn dúró fi máa ń ran ni lọ́wọ́, kódà bó fẹ́lẹ́.

Èkejì, ẹsẹ̀ kì í dá ooru sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e wá láti àárín ara. Nítorí náà, BàbáKẹ̀kẹ́, ẹ foríjì mí, ìmọ̀ràn “kó fún ọ dáadáa” àti ìbọ̀sẹ̀ méjì nínú bàtà tó ti mọ ẹsẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun gan-an ló ń pa àwọn ọmọ ìka yẹn. Bí bàtà bá fún ẹsẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, afẹ́fẹ́ tó yẹ kó dúró láàárín á sì ti tán. Ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo tó nípọn, èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn merino hun, nínú bàtà tó fi nọ́ńbà kan tàbí ààbọ̀ ju tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ gbọ́dọ̀ lè jọ ọmọ ìka yín lọ sókè lọ sódò nínú rẹ̀. Bí ẹ ò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ bọ́ ọ.

Ẹ̀kẹta, abẹ́ ẹsẹ̀. Ojú gbogbo ènìyàn wà lókè bàtà, bẹ́ẹ̀ irin pẹ́dàlì ń fa ooru lọ nísàlẹ̀. Mo pààrọ̀ pẹ́dàlì irin mi sí èyí tí wọ́n fi ike líle ṣe, mo sì tẹ́ fẹ́ẹ̀tì tó nípọn, èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn ṣe, sínú bàtà. Ìyá Ìbejì, fọ́ìlì tí ẹsẹ̀ bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè ṣe nǹkan kan, torí irin ni òun náà, kò sì sí àyè láàárín tó lè fi dá ooru padà. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá yín ní òótọ́ nínú, n ò ní fojú kéré rẹ̀: ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà ọ̀rá, lẹ́yìn náà ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn, bí àwa náà ṣe ń ṣe é nìyẹn tí òtútù bá le tó sì gbẹ. Òógùn á dúró sínú ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́, èyí tó nípọn á wà ní gbígbẹ. Ṣùgbọ́n bàtà gbọ́dọ̀ láyè fún gbogbo ìyẹn.

Èmi kì í lo ìbòbàtà mọ́ ṣá. Bàtà òtútù tó ga dé ọrùn ẹsẹ̀ ni mò ń wọ̀ lórí pẹ́dàlì pẹlẹbẹ. Fún ẹni tó ń gba dígíríì 2 kọjá ní Manchester, bóyá ìyẹn ti pọ̀ jù.

BàbáKẹ̀kẹ́, Leeds. Aago 7:40 alẹ́

Àgbà, mo gbọ́, ẹ ṣé. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí bàtà tó fún ẹsẹ̀. Bàtà ìje mi, mo ti ra á tóbi ju ẹsẹ̀ mi lọ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo gbàgbé pé kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ méjì, mo kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ.

Ṣùgbọ́n n ò gbà pé neoprene kì í ṣe fún bàtà lásán. Wọ́n ń ta èyí tí abẹ́ rẹ̀ dí fún pẹ́dàlì pẹlẹbẹ. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún ìṣẹ́jú 35 tó sì bọ́ ọ lẹ́nu iṣẹ́ kò rìn tó ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri. GbóúnjẹDé, iṣẹ́ tìrẹ ló ba tìrẹ jẹ́.

Ohun mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò tíì dárúkọ: àbúrò, ṣé kẹ̀kẹ́ rẹ ní mọ́dígáàdì níwájú? Ìdajì omi tó ń wọ bàtà kì í ti ọ̀run wá, táyà iwájú ló ń bù ú láti ilẹ̀ tó ń dà á sí ọ lẹ́sẹ̀. Mọ́dígáàdì tó gùn wá sísàlẹ̀, tó ní rọ́bà tó so rọ̀ níparí rẹ̀ bíi ti ẹ̀yìn tírélà nílé, ó ṣe mí láǹfààní ju ìbòbàtà kejì tí mo rà lọ. Bí ibi iṣẹ́ rẹ bá wà nínú ètò Cycle to Work, èyí tí òṣìṣẹ́ fi ń gba kẹ̀kẹ́ nípasẹ̀ ilé iṣẹ́ rẹ̀, mọ́dígáàdì wà lára ohun tí wọ́n ń jẹ́ kéèyàn fi ètò náà gbà pẹ̀lú kẹ̀kẹ́.

GbóúnjẹDé, Lọ́ńdọ̀nù. Aago 8:11 alẹ́

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ mi yàtọ̀. Mo gbà.

Mo fẹ́ fi kún ti mọ́dígáàdì: omi tún ń ti òkè wọlé. Òjò á ṣàn lára ṣòkòtò, á gba ọrùn ìbòbàtà wọlé, kò sì ní ríbi jáde mọ́, ẹsẹ̀ á wá wà nínú adágún. Ẹsẹ̀ ṣòkòtò òjò ló yẹ kó bo ọrùn ìbòbàtà mọ́lẹ̀, bí páànù òkè ṣe ń gun orí páànù ìsàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ki ṣòkòtò bọ inú ìbòbàtà, wọ́n á wá máa bínú sí ẹni tó tà á. Ohun kan náà ló ń bá ìbọ̀sẹ̀ tí omi kì í là kọjá jà, irú Sealskinz. Ó dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí omi bá fi lè gba òkè wọ̀ ọ́, ó ti di ike omi nìyẹn, bàtà tó wà lóde rẹ̀ náà á sì rin, ẹ̀yin lẹ máa wọ̀ ọ́ padà sílé láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

ỌmọÒkèÀdó, Manchester. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:50 àárọ̀

Mo dúpẹ́ gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Mo ka gbogbo rẹ̀ ní àsìkò ìsinmi lóru, mo sì fi han ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń yún mi, pàápàá ìka kékeré méjèèjì àti èyí tó tẹ̀ lé wọn. Wọ́n wú díẹ̀. Mo rò pé bàtà ló ń hà mí ni. Àwọ̀ wọn ṣókùnkùn ju ti àwọn yòókù lọ nígbà tí mo wò ó dáadáa sábẹ́ iná. Mo ti gbé rọ́bà omi gbígbóná jù sílẹ̀. Láàárọ̀ yìí mo kàn nu ẹsẹ̀ mi gbẹ, mo wọ ìbọ̀sẹ̀, mo sì rìn títí tíì fi hó. Ìrora náà kò le tó ti àná.

Kò sí mọ́dígáàdì níwájú kẹ̀kẹ́ mi, kékeré kan ló wà lẹ́yìn. Mo sì gbìyànjú láti jọ ọmọ ìka mi nínú sníkà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ méjì. Kò mì rárá.

Ẹ jọ̀ọ́, àwọn àpò kékeré tó ń gbóná fúnra wọn tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, àti èyí tó ń lo bátìrì?

Nọ́ọ̀sìÌlẹ́ṣà, Edinburgh. Aago 12:20 ọ̀sán

Bí ẹ ṣe júwe rẹ̀ yìí, ó jọ chilblains. Ó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta bí òtútù ò bá tún mú un. Ẹ má ha á bó ti wù kó yún yín tó. Bó bá yọ ọyún, tí awọ rẹ̀ là, tàbí tó kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ lọ rí dókítà yín. Ẹ lè kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta oògùn ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n mọ̀ nípa rẹ̀.

Ẹni tó bá ní àtọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì mọ nǹkan lára dáadáa mọ́, kó má fi àpò tó ń gbóná tàbí bàtà oníbátìrì sẹ́sẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀. Mo ti rí ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ooru jó láìmọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn òbí yín tó wà níbí.

ÀgbàCalgary. Aago 3:33 ọ̀sán

Àwọn àpò yẹn: lúúlúú irin ló wà nínú wọn, afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́, á máa dípẹtà, ìdípẹtà yẹn ló ń mú ooru wá. Afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ rẹ̀. Nítorí náà bí ẹ bá fi í sínú bàtà, tí ẹ sì fi neoprene dí i pa, iná rẹ̀ á relẹ̀, ẹ óò rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún yín. Ẹ ṣí i síta ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó wọ bàtà. Ẹ ra èyí tí wọ́n ṣe fún ọmọ ìka ẹsẹ̀ ní pàtó, ẹ fi í sórí ìbọ̀sẹ̀ lókè ọmọ ìka, má ṣe fi í kan awọ. Fún ìṣẹ́jú 35, n ò rò pé ẹ nílò rẹ̀. Tọ́jú rẹ̀ sínú báàgì fún ọjọ́ tí táyà bá jò lójú ọ̀nà tí ẹ ń rìn í lọ sílé.

AlágbáraDíẹ̀díẹ̀, Leicester. Aago 5:00 ìrọ̀lẹ́

N kì í sábà sọ̀rọ̀ níbí. SS ni mí. Mo fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó jẹ́ SS tàbí SC tó ń ka èyí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tiwa kọjá ẹsẹ̀ tó kú. Òtútù, àti kí ara ṣàdédé bọ́ láti inú ooru sínú òtútù, lè dá ìrora àìsàn sickle cell sílẹ̀. Ó ti gbé mi dé ilé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan, ní ọjọ́ tí mo gun kẹ̀kẹ́ wálé pẹ̀lú bàtà tó rin.

Mo ṣì ń gun kẹ̀kẹ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti bá àwọn tó ń tọ́jú mi sọ̀rọ̀, mo sì fi òté lé e: bí kò bá tó dígíríì 7, tàbí tí òjò bá ń rọ̀, bọ́ọ̀sì ni. Tí mo bá gùn ún, mo máa ń wọ aṣọ nínú ilé kí n tó jáde, n kì í dúró dìgbà tí mo bá dójú títì. Bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ kan wà nínú báàgì mi nígbà gbogbo. Omi mímu náà wà níbẹ̀, torí nínú òtútù a máa ń gbàgbé láti mu omi.

Nọ́ọ̀sìÌlẹ́ṣà, Edinburgh. Aago 5:26 ìrọ̀lẹ́

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ èyí. Ẹ ṣeun gan-an ni.

ÌyáÌbejì, Birmingham. Aago 6:45 alẹ́

Mo ti gbọ́ ti Aboniki, màá fi sílẹ̀ fún orúnkún mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan tí mo mọ̀ dájú. Ẹ má ra dúdú. Gbogbo ìbòbàtà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù dúdú ni, bẹ́ẹ̀ nínú oṣù kejìlá ilẹ̀ ti ń ṣú níbí kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kì í sì í mọ́ títí aago mẹ́jọ á fi kọjá. Ẹni tó ń lọ síṣẹ́ òru, òkùnkùn ló ń lọ, òkùnkùn ló ń bọ̀. Èyí tó ní ìlà tó ń tan iná padà lẹ́yìn gìgísẹ̀ ni kí ẹ mú. Ẹsẹ̀ ń lọ sókè sódò, awakọ̀ á tètè mọ̀ pé ènìyàn ló wà níwájú òun. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò pé ìbòbàtà ò bo gíláàsì pupa rẹ́súrẹ́sú tó wà lára pẹ́dàlì. Òfin ọ̀nà níbí béèrè fún un lára kẹ̀kẹ́ lóru.

Tí ẹ bá délé, ẹ fi omi tútù ṣan iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kúrò lára rẹ̀, òun ló ń jẹ síìpù. Àbẹ́là ni mo fi ń ra síìpù búùtù àwọn ọmọ mi kó lè máa yọ̀. Ẹ má gbé bàtà lé rédíétọ̀, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á yọ. Ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìwé náà lẹ́ẹ̀kan, á gbẹ kó tó di ìrọ̀lẹ́.

ỌmọÒkèÀdó, Manchester. Ọjọ́ Ẹtì, ọ̀sẹ̀ kejì, aago 9:05 àárọ̀

Mo padà wá jábọ̀, torí mo ṣèlérí fún ara mi pé n ò ní gba ìmọ̀ràn kí n sì sá lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rà ni mọ́dígáàdì iwájú tó ní rọ́bà níparí. Lẹ́yìn náà, ìbọ̀sẹ̀ merino méjì, ọ̀kan fún àlọ, ọ̀kan fún àbọ̀. Bàtà aláwọ tí mo ní nílé tẹ́lẹ̀, tó fi nọ́ńbà kan ju sníkà lọ, ni mò ń wọ̀ báyìí, mo sì tẹ́ fẹ́ẹ̀tì sínú rẹ̀. Mo mú bàtà náà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo sì wọ ìbòbàtà mẹ́rin lé e lórí níbẹ̀. Neoprene tí abẹ́ rẹ̀ dí ni mo padà mú, mílímítà 3, Velcro ló wà lẹ́yìn, ìlà tó ń tàn wà ní gìgísẹ̀. Nọ́ńbà tó kọ́kọ́ wọ̀ mí, ọmọ ìka mi kò lè mì nínú rẹ̀, mo dá a padà, mo mú èyí tó tẹ̀ lé e. Pọ́n-ùn 38.

Òru mẹ́rin ni mo ti lò ó, òtútù jù lọ jẹ́ dígíríì 1 nísàlẹ̀ òdo. Ẹsẹ̀ ọ̀tún, kò sí ìyọnu kankan. Mo débi iṣẹ́, mo mọ̀ ọ́n lára, mo dúró síbẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wíwú náà ti ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì, ọmọ ìka kékeré ṣì máa ń tutù tí mo bá ti gùn ún tó ìṣẹ́jú 25. Kí ló lè fà á?

ÀgbàCalgary. Aago 2:40 ọ̀sán

Okùn bàtà. Tú u sílẹ̀ dáadáa ní apá iwájú, fà á le lọ́rùn ẹsẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ẹsẹ̀ wọn kan tóbi ju èkejì lọ. Tó bá ṣì ń tutù lẹ́yìn ìyẹn, gé fẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ òsì kúrò níwájú díẹ̀ kí ìka yẹn lè láyè.

ỌmọÒkèÀdó, Manchester. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 8:58 àárọ̀

Okùn ni. Ẹ ṣeun, sà.